Ábígáílì kò sọ fún ọkọ rẹ̀: ìdáhùn fún arábìnrin kan ní Kubwa

Arábìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Kubwa. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú, mo sì yọ ohun tí wọ́n fi lè dá a mọ̀ kúrò. Ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Bàbá. Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe, ọkọ mi ń ta sípíà pátì ọkọ̀ ní Apo, Ọlọ́run sì fún wa lọ́mọ mẹ́ta. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń dá owó sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wa, ọkọ mi kò sì mọ̀. Lọ́dún tó kọjá mo fi owó náà ra ilẹ̀ kan lápá Gwagwalada. Àbúrò mi obìnrin ló bá mi lọ wo ilẹ̀ náà. Ọkọ mi kì í ṣe ènìyàn burúkú, kò lù mí rí, ṣùgbọ́n owó kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá ti pè é láti ilé pé ẹnìkan kú tàbí pé òrùlé ń jò, ohun tó bá wà nílẹ̀ ló máa fi ránṣẹ́. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ tí mo kó fún un pé kó bá wa tọ́jú nígbà kan, ìsìnkú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló ná an sí. Ní ẹ̀kọ́ Bíbélì wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, arákùnrin kan ní ohunkóhun tí ènìyàn bá ti ń fi pamọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ti wọ̀ ọ́. Ó ka Lúùkù orí 12 ẹsẹ 2. Arábìnrin kan dá a lóhùn pé Nehemáyà kò sọ ètò rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, pé obìnrin tó bá gbọ́n á kọ́ ilé rẹ̀ tán kó tó la ẹnu. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti sùn dáadáa. Ṣé mo ti ṣẹ̀ ni, Bàbá? Ṣé kí n sọ ọ́, àbí kí n dákẹ́ títí ilé á fi dúró?"

Arábìnrin mi, mo dúpẹ́ pé ẹ fọkàn tán mi débi tí ẹ fi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Bó ṣe yé mi, ìbéèrè méjì ló di ara wọn mú nínú lẹ́tà yín. Ọ̀kan ń bèèrè ojú tí Ọlọ́run fi ń wo ẹni tó bá ń ṣe nǹkan ní ìkọ̀kọ̀. Èkejì ń bèèrè ohun tí ẹ ó ṣe nípa ilẹ̀ Gwagwalada àti bàbá àwọn ọmọ yín. Arákùnrin yẹn àti arábìnrin yẹn mú ẹsẹ Bíbélì kan ṣoṣo, wọ́n fẹ́ fi pa ìbéèrè méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi dàrú mọ́ yín lójú. Ẹ jẹ́ ká tú u wò díẹ̀díẹ̀.

Ká ti orí Lúùkù 12 bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé Jésù sọ níbẹ̀ pé kò sí ohun tí a bò tí a kì yóò fi hàn. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí ẹsẹ kìn-ín-ní: ìwúkàrà àwọn Farisí ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí, ó sì ní àgàbàgebè ni ìwúkàrà náà. Àwọn tó ní ojú méjì ló ń kìlọ̀ fún, àwọn tí ìta wọn dára ní gbangba ṣùgbọ́n tí inú wọn jẹrà. Kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pé kó tú gbogbo ohun tó wà nínú àpótí rẹ̀ síta. Jésù yìí kan náà ló ní kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún fi tọrẹ, kí ẹni tó ń gbàdúrà wọ yàrá kó sì ti ilẹ̀kùn, kí ẹni tó ń gbààwẹ̀ fi òróró pa orí kí aráyé má baà mọ̀. Òun ló sọ fún adẹ́tẹ̀ tó wò sàn nínú Máàkù orí kìn-ín-ní pé kó má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú Jòhánù orí 7, nígbà tí àwọn arákùnrin rẹ̀ ń tì í pé kó lọ fi ara rẹ̀ han ayé níbi àjọ̀dún, ó jẹ́ kí wọ́n lọ tán, ó wá gòkè lọ ní bòókẹ́lẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí olórí àlùfáà ń wádìí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó fi ìgboyà sọ pé gbangba lòun ti ń bá aráyé sọ̀rọ̀, pé òun kò sọ ohun kan ní ìkọ̀kọ̀. Tí òfin arákùnrin yín bá dúró, Olúwa fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dá lẹ́bi.

Arábìnrin tó gbé Nehemáyà kalẹ̀ náà ka ìdajì ìtàn ni. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an, mo sì ti gbọ́ tí wọ́n ń lò ó báyìí káàkiri Abuja, pàápàá láàárín àwọn tó ń kọ́lé: "Má sọ ìran rẹ fún ènìyàn." Ẹ ka Nehemáyà orí 2 pẹ̀lú mi. Ó dé Jerúsálẹ́mù, ó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó dìde lóru pẹ̀lú ènìyàn díẹ̀, ẹran tó gùn nìkan ló wà níbẹ̀. Ó gba ẹnu-bodè Àfonífojì jáde, ó ń wo ògiri tó wó àti ẹnu-bodè tí iná ti jó, títí ó fi dé ibi tí ẹran náà kò ti rí ọ̀nà kọjá mọ́. Àwọn ìjòyè kò mọ ibi tó lọ. Ibi tí wọ́n ti máa ń pa Bíbélì dé nìyẹn. Ẹsẹ kẹtàdínlógún ńkọ́? Ó pe àwọn ènìyàn náà gan-an, ó ní ẹ rí ìyọnu tí a wà, ẹ wá ká jọ mọ odi Jerúsálẹ́mù. Ọba Páṣíà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, Nehemáyà ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Òru tó fi rìn yẹn, ó fi wádìí kó lè ní ohun tó dájú láti sọ ni, kí Sáńbálátì àti Tóbáyà má sì ba iṣẹ́ jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ojú gbogbo ayé ni wọ́n ti kọ́ odi náà, ọjọ́ 52 ni wọ́n fi parí rẹ̀. Nehemáyà kò kọ́ ògiri ní ìkọ̀kọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi í ṣe ẹlẹ́rìí pé kí ìyàwó kọ́ ilé parí kí ọkọ tó gbọ́, ẹlẹ́rìí yẹn kò ní jẹ́rìí sí i.

Kí wá ni Bíbélì ń wò tó bá rí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́? Bí mo ṣe ń kọ́ni ní Bíbélì bọ̀ láti Kaduna títí dé ibi tí mo wà lónìí, ohun tí mo rí ni pé ó máa ń wo ẹni tí ìpamọ́ náà ń dáàbò bò, ẹni tó ń jìyà rẹ̀, àti bóyá ọjọ́ kan wà tí yóò jáde sí ìmọ́lẹ̀. Ẹ wo àwọn agbẹ̀bí nínú Ẹ́kísódù orí kìn-ín-ní, Ṣífúrà àti Púà, tí Fáráò ní kí wọ́n máa pa ọmọkùnrin àwọn Hébérù. Wọn kò pa wọ́n, wọ́n sì wá àwáwí fún ọba. Bíbélì ní Ọlọ́run ṣe rere fún wọn. Ẹ wo ìyá Mósè tó gbé ọmọ pamọ́ fún oṣù mẹ́ta. Ẹ wo Ọbadáyà, olórí ilé Áhábù, tó kó ọgọ́rùn-ún wòlíì pamọ́ sínú ihò nígbà Jésébẹ́lì, àádọ́ta-àádọ́ta, tó sì ń fi oúnjẹ àti omi bọ́ wọn. Ẹ wo Jéhóṣébà tó gbé Jóáṣì kékeré sá mọ́ Ataláyà tó ń pa ìdílé ọba lọ́wọ́, tí ọmọ náà fi wà nínú ilé Olúwa fún ọdún mẹ́fà. Èmi àti àwọn tó wà ní Kaduna ní oṣù Èrèlé 2000, nígbà tí ìjà Ṣàríà bẹ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tó máa ṣàlàyé orí wọ̀nyí fún wa. Ìyá Hausa kan wà ní àdúgbò wa tó ń ta kúnú. Ó kó obìnrin kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn, lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ilé, níbi tí ọkùnrin àjèjì kì í wọ̀. Ó ní kí wọ́n dùbúlẹ̀, ó tẹ́ ẹní lé wọn, ó da ọkà bàbà lé ẹní náà bí ẹni tó ń sá a, òun náà wá gbé atẹ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fẹ́ ọkà. Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin tó mú àdá lọ́wọ́ dé, kò dìde. Ó ní, "Babu kowa a nan," kò sí ẹnikẹ́ni níbí. Wọ́n wò ó títí, wọ́n bá tiwọn lọ. Mùsùlùmí ni, kò ka ìtàn Ráhábù rí, àmọ́ ohun tí Ráhábù fi pòròpórò ọ̀gbọ̀ ṣe lórí òrùlé ní Jẹ́ríkò, nígbà tó fi bo àwọn amí Ísráẹ́lì tó sì sọ pé wọ́n ti lọ, ló fi ọkà bàbà ṣe. Ní oṣù Òkúdù 2018, ní agbègbè Barkin Ladi ní ìpínlẹ̀ Plateau, Ìmáàmù Abdullahi Abubakar ṣe irú rẹ̀: ó kó àwọn Kìrìsìtẹ́nì tó lé ní 200 sínú mọ́ṣáláṣí àti ilé rẹ̀, ó sì ń bẹ àwọn apànìyàn kí wọ́n má wọlé.

Ẹ lè bi mí pé, irọ́ tí Ráhábù pa ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ti fa àríyànjiyàn láàárín àwọn àgbà ìgbàgbọ́ láti ayébáyé. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní àríwá Áfíríkà, tó kú ní ọdún 430, di í mú gírígírí pé irọ́ ni irọ́ ń jẹ́, pé àánú tí Ráhábù àti àwọn agbẹ̀bí ní ni Ọlọ́run san lẹ́san, kì í ṣe irọ́ ẹnu wọn. Àwọn mìíràn ní ẹni tó wá gba ẹ̀mí kò ní ẹ̀tọ́ sí òtítọ́ lẹ́nu ẹni. Èmi kì í dá ẹnikẹ́ni tó gba ẹ̀mí là lẹ́bi, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé nígbà tí Jákọ́bù yin Ráhábù nínú orí kejì ìwé rẹ̀, ohun tó dárúkọ ni pé ó gba àwọn ońṣẹ́ náà sílé, ó sì gba ọ̀nà mìíràn rán wọn jáde. Bòókẹ́lẹ́ náà ló yìn. Kò mẹ́nu kan irọ́. Àpẹẹrẹ tó tún là mí lóye jù ni ti Sámúẹ́lì nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, orí 16. Ọlọ́run rán an pé kó lọ fi òróró yan ọba tuntun ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, Sámúẹ́lì ní tí Sọ́ọ̀lù bá gbọ́ á pa òun. Ọlọ́run wá ní kó mú ẹgbọrọ màlúù kan lọ́wọ́, kó sọ pé òun wá rúbọ sí Olúwa. Ó sì rúbọ lóòótọ́. Ohun tó sọ, òtítọ́ ni; ohun tó kù, Sọ́ọ̀lù kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Nítorí náà, ẹni tó dákẹ́ kì í ṣe òpùrọ́, kò sì di dandan kí ènìyàn tú gbogbo inú rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá bi í.

Ìpamọ́ kejì ni ti ẹni tó ń bo ibi mọ́lẹ̀, Bíbélì kò sì bá a ṣeré rárá. Nínú Jóṣúà orí 7, Ákánì rí ẹ̀wù Bábílónì kan tó dára, igba ṣékélì fàdákà, àti wúrà tó wọn àádọ́ta ṣékélì, ó sì wa ilẹ̀ àárín àgọ́ rẹ̀, ó rì wọ́n síbẹ̀. Kí ló fẹ́ fi ẹ̀wù tí kò lè wọ̀ ṣe? Àwọn ọmọ Ísráẹ́lì bíi mẹ́rìndínlógójì ti kú lójú ogun Áì nítorí ohun tó wà lábẹ́ ẹní rẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Dáfídì kọ ìwé ikú Ùráyà, ó fi rán Ùráyà fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ nípa Bátíṣébà, ìyàwó Ùráyà. Nátánì sì sọ ohun tí Olúwa wí fún un pé ìkọ̀kọ̀ lo ti ṣe tìrẹ, ojú gbogbo Ísráẹ́lì ni n ó ti ṣe tèmi. Gèhásì gba fàdákà àti aṣọ lẹ́yìn Èlíṣà, ó gbé wọn pamọ́ sílé, ó wọlé, ó dúró níwájú ọ̀gá rẹ̀, ó ní ìránṣẹ́ yín kò lọ síbì kankan. Ẹ rí i pé nínú àwọn ìtàn wọ̀nyí, ẹlòmíràn ló ń san owó ohun tí ẹnìkan fi pamọ́.

Èyí tó kàn yín jù nínú irú yìí ni ti Ananáyà àti Sáfírà, ẹ sì fara balẹ̀ síbẹ̀. Tọkọtaya ni wọ́n, wọ́n jọ mọ̀ sí i. Wọ́n ta ilẹ̀, wọ́n mú díẹ̀ nínú owó sápá kan, wọ́n kó ìyókù wá síwájú àwọn àpọ́sítélì bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Lára ohun tí Pétérù sọ fún Ananáyà ni pé nígbà tí ilẹ̀ náà wà, ṣé tìrẹ kọ́ ni? Nígbà tí o tà á tán, ṣé ìkáwọ́ rẹ kọ́ ni owó náà wà? Kò bá a wí pé ó tọ́jú owó. Ẹnu ni ẹ̀ṣẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, níbi tó ti sọ pé ohun tí kò pé ti pé. Owó oṣù yín, iṣẹ́ yín lẹ fi gbà á. Fífi í pamọ́ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n ẹ kò sọ nǹkan kan fún mi nínú lẹ́tà yín, ẹ̀yin nìkan lẹ sì lè dáhùn rẹ̀. Wọ́n ń yọ owó alájẹṣẹ́kù nínú owó oṣù lóṣooṣù. Nígbà tí ọkọ yín bá bèèrè ìdí tí owó oṣù fi kéré, kí lẹ máa ń sọ fún un? Tí ẹ bá dákẹ́, ọ̀tọ̀ ni. Tí ẹ bá ní ìjọba ti gé e, tàbí pé owó-orí ti pọ̀ sí i, ibẹ̀ ni ẹ ti kọjá ààlà Sámúẹ́lì bọ́ sí ti Ananáyà, èyí lẹ sì máa tọrọ àforíjì fún, kì í ṣe nítorí ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé inú ìgbéyàwó, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yín wà, Bíbélì sì sọ̀rọ̀ lé e lórí ju bí àwọn tó ń jiyàn ní ìjọ yín ṣe rò lọ. Rèbékà ní ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu Olúwa nígbà tí oyún ìbejì wà nínú rẹ̀, pé ẹ̀gbọ́n ni yóò máa sin àbúrò. Kò sí ibi tí Bíbélì ti sọ pé ó bá Ísákì jíròrò rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ìbùkún dé, awọ ọmọ ewúrẹ́ ló fi bo ọwọ́ àti ọrùn Jékọ́bù, tó sì rán an wọlé lọ bá afọ́jú. Ète rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ Ọlọ́run mu, síbẹ̀ ó fi ọgbọ́n àrékérekè ṣe ohun tó yẹ kó fi ẹnu sọ. Ó sọ fún Jékọ́bù pé kó lọ bá Lábánì gbé fún ọjọ́ díẹ̀. Ogún ọdún ni ọjọ́ díẹ̀ náà, Bíbélì kò sì tún sọ fún wa pé ìyá àti ọmọ fojú kan ara wọn mọ́. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá kọ́ni ní orí yẹn, ó máa ń dùn mí pé nínú ilé tí wọ́n ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tọkọtaya kò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ábígáílì ni ìdáhùn mi fún yín. Ẹ ṣí Sámúẹ́lì kìn-ín-ní orí 25. Nábálì ọkọ rẹ̀ ní ẹgbẹ̀ẹ́dógún àgùntàn àti ẹgbẹ̀rún ewúrẹ́, ṣùgbọ́n ó fi èébú dá àwọn ọmọkùnrin Dáfídì padà nígbà tí wọ́n wá tọrọ oúnjẹ, àwọn tó ti ń ṣọ́ agbo ẹran rẹ̀ ní aginjù. Dáfídì ní kí irinwó ọkùnrin sán idà mọ́ ìdí. Ìránṣẹ́ kan sáré wá sọ fún Ábígáílì, ó ní ibi ti dé tán sórí ọ̀gá wa, ọ̀gá wa sì jẹ́ ẹni tí a kò lè bá sọ̀rọ̀. Ó yára kó igba ìṣù àkàrà, ìgò awọ wáìnì méjì, àgùntàn márùn-ún tí a ti sè, àyangbẹ ọkà, ọgọ́rùn-ún ìdì àjàrà gbígbẹ àti igba àkàrà ọ̀pọ̀tọ́, ó dì wọ́n lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ẹsẹ 19 wá sọ ọ́ láìfi nǹkan kan bò: kò sọ fún Nábálì ọkọ rẹ̀. Ó gba kọ̀rọ̀ òkè sọ̀kalẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ níwájú Dáfídì, ó ní kí ẹ̀bi náà wà lórí òun. Kò sí ẹni tó bá a wí. Dáfídì súre fún un pé ó gba òun lọ́wọ́ ìtàjẹ̀sílẹ̀.

Ibi tí wọ́n kì í sábà kà ni mo fẹ́ kí ẹ kà. Nígbà tó padà délé, Nábálì ń ṣe àsè bí àsè ọba, ọtí ti pa á bámúbámú. Ẹsẹ 36 ní Ábígáílì kò sọ nǹkan kan fún un, kékeré tàbí ńlá, títí ilẹ̀ fi mọ́. Lówùúrọ̀, nígbà tí ọtí dá lójú rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ka gbogbo rẹ̀ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, kò jẹ́ kí ìránṣẹ́ sọ ọ́ fún un. Ìpamọ́ rẹ̀ kò ju òru kan lọ, ọkọ náà wà lára àwọn tí ìpamọ́ ọ̀hún gbà là, ìgbà tí yóò sì lè gbọ́ ló dúró dè. Ọ̀rọ̀ náà kò bọ́ sí rere fún Nábálì, ọkàn rẹ̀ kú nínú rẹ̀. Mi ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín: ẹni tó bá sọ òtítọ́ kò lè pàṣẹ ohun tí òtítọ́ náà máa ṣe lára ẹni tó gbọ́ ọ.

Ẹ wá fi tiyín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìdí tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ yé mi, ìwà ọ̀bàyéjẹ́ kọ́. Owó ilé-ìwé ọmọ lọ síbi òkú, ẹ rí i pé ilé lè dojú dé, ẹ wá ibi tí ọwọ́ kò ti ní dé e. Ìyẹn bá ti Ábígáílì mu. Nílé wa látijọ́, owó obìnrin, ti obìnrin ni. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ kì í ka èrè rẹ̀ fún baálé, baálé kì í sì bèèrè, kò sí ẹni tó pe ìyẹn ní ọ̀dàlẹ̀. Lẹ́yìn náà la wá dúró níwájú pẹpẹ, a jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ohun ìní wa di ti ara wa. Àṣà méjèèjì ń gbé inú wa pọ̀, ọ̀pọ̀ tọkọtaya ni kò sì jókòó rí láti yan èyí tí wọ́n fẹ́ máa tẹ̀ lé. Nílùú Abuja níbí ó tún le sí i, nítorí àwọn ará ilé rò pé ẹni tó bá ń gbé Abuja, orí owó ló ń sùn. Ọkùnrin tí wọ́n ń pè lójoojúmọ́ tí kò lè sọ pé òun kò ní, òun náà ń fi nǹkan pamọ́: ó ń fi àìní rẹ̀ pamọ́ fún ẹbí rẹ̀. Mo ti bá irú wọn jókòó, ìtìjú ló ń ná owó náà ju ìwà-ọ̀làwọ́ lọ.

Ibi tí tiyín ti kúrò nínú ti Ábígáílì ni pé òru yín ti di ọdún mẹ́rin. Ewu tó wà nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ti rọlẹ̀, ilẹ̀ ti wà, ìpamọ́ náà kò sì tíì lọ. Àbúrò yín mọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ yín níbi iṣẹ́ mọ̀. Tí ọkọ yín bá gbọ́ lọ́jọ́ kan, mo rò pé kì í ṣe ilẹ̀ ló máa dùn ún jù, bí kò ṣe pé àna rẹ̀ ti tẹ ilẹ̀ náà kó tó mọ̀ pé ó wà. Ó sì máa gbọ́. Yorùbá tó wà ní Gwagwalada àti Kubwa kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn á fi gbé búlọ́ọ̀kù lórí ilẹ̀ kí ará ìlú ẹni kan má kọjá.

Ohun mìíràn tún wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ pẹpẹ, síbẹ̀ ó kan ọ̀rọ̀ yìí. Ní agbègbè olú-ìlú yìí, ìwé tí áréà káńsù fún ènìyàn àti C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba, kì í ṣe ìwé kan náà. Mínísítà FCT ló ní àṣẹ àti fọwọ́ sí C of O, gbogbo wa la sì ti rí ilé tí katapílà wó nítorí ìwé tí kò tó. Ẹ gbé ìwé yín lọ bá agbẹjọ́rò kí ẹ tó kó yanrìn kankan síbẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹnìkan ṣoṣo àti àbúrò rẹ̀ mọ̀ sí, ta ló máa dúró lé e tí nǹkan bá ṣe yín? Àwọn ọmọ mẹ́ta tí ẹ torí wọn rà á lè má mọ̀ láéláé pé ó wà.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi mọ. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà; n kò gbọ́ tẹnu ọkọ yín. Ẹ ní kò lù yín rí, orí ìyẹn ni mo dúró lé. Ká ní ọkùnrin tó ń lu ìyàwó ni, tàbí tó ń jí ìwé nǹkan ìní tà, n kò ní sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Dáfídì sá pamọ́ fún Sọ́ọ̀lù nínú ihò àpáta, Pọ́ọ̀lù wọ inú agbọ̀n gba ojú odi Damásíkù sá lọ lóru, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n padà lọ ṣàlàyé ara wọn fún ẹni tó mú idà. Obìnrin tó bá wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kó wá ààbò, kó tọ́jú ìwé rẹ̀ síbi tó dájú, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹsẹ Bíbélì kan dá a padà sínú ewu.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú yín. Ẹ lè dákẹ́ títí ilé á fi dúró. Ó dà bíi pé ilẹ̀ náà máa wà láìléwu nígbà náà, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni ìdákẹ́jẹ́ máa bèèrè irọ́ kékeré kan lọ́wọ́ yín, ọkọ yín á sì wọ ilé tí ó mọ̀ pé wọ́n kọ́ pẹ̀lú ìfura sí òun. N kò lè gbà yín níyànjú bẹ́ẹ̀. Ẹ lè gba ọ̀dọ̀ àgbà kan lọ, bóyá ẹni tó so yín pọ̀. Ó dára tí ẹ bá ń bẹ̀rù ìbínú rẹ̀, àmọ́ ó lè rò pé ẹ ti gbé òun lọ sílé ẹjọ́ kí ẹ tó bá òun sọ̀rọ̀. Èyí tó wù mí ni pé kí ẹ̀yin fúnra yín sọ ọ́, láìpẹ́, kí àgbà wà nítòsí bí ó bá le.

Ẹ yan ìgbà bí Ábígáílì ṣe yàn án. Má ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é láti ilé, má ṣe lọ́jọ́ tí ẹ ti jà, má ṣe lójú àwọn ọmọ. Ẹ kó ìwé náà lọ́wọ́, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ máa sọ pé ẹ̀rù ló bà yín lẹ́yìn ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé yẹn, kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀, nítorí òun náà mọ̀ ọ́n. Tí irọ́ bá wà níbì kan, ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ fúnra yín kó tó bi yín. Sísọ fún un kò sọ ọ́ di dandan kí ẹ gbé ilẹ̀ náà lé e lọ́wọ́ kó tà. Ẹ lè sọ pé orúkọ yín ni ìwé máa wà, ẹ lè sọ pé kí orúkọ yín méjèèjì jọ wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè dá a tà. Ìyẹn kù sọ́wọ́ yín àti agbẹjọ́rò. Ẹ sì bá a dá àbá lórí iye tí yóò máa ránṣẹ́ sílé lóṣù, kó lè ní ohun tó máa sọ fún wọn tí wọ́n bá pè.

Tó bá bínú, ẹ jẹ́ kó bínú. Ọdún mẹ́rin kì í ṣe ohun tí ọkùnrin ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan kó rẹ́rìn-ín. Ẹ má bá a jiyàn lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ má sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sí ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àìlera ọkọ yín nípa owó, ìyẹn gan-an ni ohun tó yẹ kí ẹ fi pamọ́ fún àwọn ará ìjọ. Ẹ bá àbúrò yín sọ̀rọ̀ ṣáájú, kó mọ̀ pé ẹ fẹ́ sọ ọ́, kó má baà jẹ́ pé òun ló máa kọ́kọ́ já a.